Ìdọ̀bálẹ̀ Níwájú Iná

Ìyàwó mi ní àìrójú-àìráyè ni mo fi owó ara mi rà. Láàárín ọ̀sẹ̀, mo máa ń wa mọ́tò láti Bowmanville tí a ń gbé ní Kánádà lọ sí ọ́fíìsì ní Downsview, ní Toronto, nítorí rẹ́ǹtì ibẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Bó bá di Sátidé tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń sùn, èmi ń bá àwọn panápaná pa iná. Ìlú wa ní panápaná tó ń gba owó oṣù, ó sì ní àwa tí a yọ̀ǹda ara wa, tí fóònù wa á dún, tí a ó sì ju ṣíbí sílẹ̀. “Iná tí kì í ṣe ti bàbá yín,” ni ìyàwó mi máa ń wí.

Nígbà ìdálẹ́kọ̀ọ́, ọ̀gá wa, obìnrin kan tó kéré sí mi dáadáa, ka òfin ààbò lẹ́nu iṣẹ́ sí wa létí. Ó ní bí a tilẹ̀ yọ̀ǹda ara wa, òṣìṣẹ́ ni òfin kà wá sí. Ẹni méjì kò gbọ́dọ̀ wọ ilé tó ń jó àfi bí ẹni méjì mìíràn bá dúró níta tó lè wọlé yọ wọ́n. Ó tún ní bí ewu kan bá ju ti iṣẹ́ wa lọ, tí kò sì sí ẹ̀mí ènìyàn mìíràn níbẹ̀, a lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé rárá, ẹni yòówù kó rán wa. Àwọn yòókù ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Èmi ń rò ó pé níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, bí o bá sọ fún àgbà pé rárá, kò dìgbà tí iná bá pa ọ́ kí o tó kú.

Àgbà tiwa ni òyìnbó onírun funfun kan, púlọ́ńbà tó ti fẹ̀yìn tì. Mo ń pè é ní Uncle. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ní òun ò mọ ìyá mi rí. Mo ní kò burú, Uncle. Nígbà tó yá, ó ń dáhùn. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń de ìbòjú tí a fi ń mí nínú èéfín, òun náà ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ táyà ìgbà òtútù. Mo fẹ́ràn bàbá yẹn, kí n má parọ́.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, gáréèjì kan lẹ́bàá ilé gbiná. Àwa mẹ́ta la kọ́kọ́ débẹ̀: Uncle, èmi, àti awakọ̀ tó ń ṣètò omi. Yìnyín ti bo ọ̀nà, ọkọ̀ kejì kò tíì dé. Onílé ń sunkún pé ajá òun wà nínú gáréèjì. Kó tó sọ ọ́ tán, Uncle ti de ìbòjú rẹ̀, èmi náà de tèmi. Ó ní, “Tẹ̀ lé mi.”

Ajá! Mo wo òrùlé. Ó ti tẹ̀ láàárín bí bẹ́ẹ̀dì àtijọ́. Mo mọ̀ pé bí bàbá yìí bá wọlé, kò ní jáde. Òfin náà wà lórí mi, mo lè kà á láìwòwé. Mo la ẹnu pé kí n sọ rárá, ẹnu kọ̀. Ẹni tó tó bí mi lọ́mọ! Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà.” Ariwo iná kò jẹ́ kó gbọ́, ó ń lọ sẹ́nu ọ̀nà. Èmi náà ò mọ ìgbà tí mo sáré kọjá lára rẹ̀, tí mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀ nínú yìnyín, pẹ̀lú táǹkì afẹ́fẹ́ lẹ́yìn mi. Àyà mi kanlẹ̀. Kò sí èyí tí mo fi ṣeré níbẹ̀.

Bàbá figbe ta pé òṣìṣẹ́ ti ṣubú. Òun àti awakọ̀ gbá mi léjìká mú, wọ́n wọ́ mi bí àpò gaàrí títí dé ojú títì. Ó bọ́ ìbòjú mi, ó ń gbá mi lẹ́rẹ̀kẹ́, ó ń bèèrè bóyá àyà ń dùn mí. Èmi ń wí pé, “Ẹ má bínú, sà,” ní Yorùbá. Ibẹ̀ la wà tí gbogbo òrùlé fi wó lulẹ̀. Ooru rẹ̀ bá wa lójú. Nígbà tó ṣe, ajá náà gba ẹ̀yìnkùlé aládùúgbò jáde, ó ń ju ìrù.

Òfin tún ní òṣìṣẹ́ tó bá ṣubú lẹ́nu iṣẹ́ gbọ́dọ̀ rí dókítà. Dókítà ní ọkàn mi le ju tòun lọ. Mo fẹ́ ṣàlàyé fún ọ̀gá wa, ó ní kí n má tijú, ó ń ṣe gbogbo ènìyàn. Ìyàwó mi nìkan lọ́rọ̀ náà yé. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. “Ẹ dọ̀bálẹ̀ fún òyìnbó nínú yìnyín? Lọ́jọ́ ìdána wa, ṣebí ìka lẹ fi kanlẹ̀ fún bàbá mi!”

Uncle wá wò mí nílé. Ìyàwó mi fún un ní tíì. Mo sọ òótọ́ fún un: bí a ṣe ń kí àgbà nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń bẹ̀ wọ́n.

“Kò rẹ̀ ọ́ rárá nígbà yẹn?”

“Kò rẹ̀ mí, sà.”

“Kí ló dé tí o ò kàn sọ pé rárá?”

“Ohun tí mo ń sọ náà nìyẹn, sà.”

“Mi ò tilẹ̀ wo òrùlé yẹn,” ni ó wí. Ó fa tíì rẹ̀ mu tán, ó na ife náà sí mi. Mo dìde, mo fi ọwọ́ méjèèjì gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀.