Ìgò Wáìnì Mẹ́ta Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Bàámi

Láìpẹ́ yìí, ọmọ mi ṣí ìgò wáìnì pupa kan nílé rẹ̀ ní Fájuyì, nílùú Adó níbí. Bí òórùn rẹ̀ ṣe gba inú pálọ̀, ọkàn mi ti padà sí yàrá Bàámi ní Òkè-Ìlá, níbi tí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ti máa ń tutù kódà nígbà ọ̀gbẹlẹ̀.

Olùkọ́ ni Bàámi. Àwọn àti ọ̀rẹ́ wọn, Bàbá Fúnmi, tí wọ́n jọ ń kọ́ni, ni wọ́n jọ kàwé nílùú òyìnbó, wọ́n sì jọ ra ìgò wáìnì mẹ́ta bọ̀. Wọ́n ní àwọn á tọ́jú rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, àwọn á wá jọ tọ́ ọ wò. Inú àpótí tó kún fún èérún pákó ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyá mi a máa pè é ní àlejò tí kò mọ ilé lọ.

Kí ọdún mẹ́wàá tó pé, wọ́n fi Bàbá Fúnmi ṣe ọ̀gá ilé-ìwé wọn, ipò tí Bàámi ti ń retí. Ẹnìkan wá sọ fún Bàámi pé ọ̀rẹ́ wọn ló bà wọ́n jẹ́ lẹ́yìn. Láti ìgbà náà, wọn ò kí ara wọn mọ́. Fúnmi ni ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́. A wá ń pàdé ní Ọjà Ọba bí oníṣòwò fàyàwọ́.

Lọ́dún tí àwọn sójà ń múra àtigbé ìjọba fún alágbádá, ọdún mẹ́wàá pé. Ìyá mi ò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n wé gèlè, wọ́n fà mí lọ́wọ́, ó di ilé Bàbá Fúnmi. Wọ́n ní àwọn ò wá bẹ̀bẹ̀ o, wáìnì ló tó mu.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, a gbọ́ “Ẹ kú ulé o” lẹ́nu ọ̀nà wa. Bàbá Fúnmi ni, pẹ̀lú Fúnmi lẹ́yìn wọn. Bàámi dìde, wọ́n lọ fa àpótí jáde.

Ìgò àkọ́kọ́ ti kan gógó; ìyá mi ní yóò wúlò fún sàláàdì. Ti ìkejì, kọ́ọ̀kì tí wọ́n fi dé e fọ́ wẹ́wẹ́, wáìnì náà sì tẹ́ lẹ́nu bí omi tí wọ́n fi ṣan ife. Bàámi gbé ìkẹta dání, wọn ò ṣí i.

“Ṣé ìwọ lo bà mí jẹ́?”

Bàbá Fúnmi wò wọ́n lójú. “Orúkọ rẹ ni mo kọ́kọ́ dá fún àwọn tó ń yan ọ̀gá ilé-ìwé. Wọ́n kọ̀. Ojú ló ń tì mí láti wá sọ ọ́ fún ọ.”

Bàámi ṣí ìgò náà. Wọ́n rọra dà á kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ má bàa dà mọ́ ọn. Ó ti pọ́n bí ilẹ̀ Adó lẹ́yìn òjò. Wọ́n jẹ́ kí èmi àti Fúnmi gbóòórùn rẹ̀: ó dà bí agbálùmọ̀ tó pọ́n jù, pẹ̀lú ewé tábà gbígbẹ.

“Ó ṣì dúró,” ni Bàbá Fúnmi wí.

“Ó dúró dáadáa,” ni Bàámi fèsì. Ìyá mi na ife wọn fún ẹ̀kejì.

Wáìnì ti kún Adó báyìí, ọjọ́ tí a bá rà á náà ni a ń mu ún. Ilé wa ti di ṣọ́ọ̀bù, àwọn bàbá méjèèjì sì ti lọ sinmi. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá sọ ọ̀rọ̀ Fúnmi láìdáa fún mi lónìí, n kì í jẹ́ kó sùn lọ́kàn mi. Mà á wọ bàtà, mà á lọ bi í fúnra rẹ̀.