Ọ̀kẹ́rẹ́ Inú Kámẹ́rà Ìyá Mi

Òórùn kòkó tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ló jí mi láàárọ̀ Sátidé yẹn. Ó gba ojú fèrèsé wọlé, ó ń ta bí ọtí tó ń kan, ó sì rán mi létí pé ìlú Orin ni a sùn, lọ́dọ̀ bàbá àgbà tó bí ìyá mi, kì í ṣe Ìdó tí à ń gbé. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Mi ò tíì fọ ẹnu tí mo ti yọ kámẹ́rà ìyá mi nínú báàgì rẹ̀, tí mo fi okùn rẹ̀ kọ́ ọrùn, tí mo sá wọ inú oko.

Fọ́tò yíyà ni iṣẹ́ ìyá mi. Ẹni tó bá ń wá fọ́tò pélébé fún ìwé ilé-ìwé ní Ìdó, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń bọ̀. Wọn a jókòó sórí àga onírin, wọn a le gbagidi bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fún lábẹ́rẹ́. Ó ti sú mi. Ohun tó ń wù mí yà ni ọ̀kẹ́rẹ́, torí òun kì í jókòó fún ẹnikẹ́ni.

Wọ́n pọ̀ lóko lọ́dún yẹn, wọ́n ń jẹ kòkó bàbá àgbà bí ẹni pé àwọn ló gbìn ín. Mo lé wọn láti ìdí ọ̀pẹ dé ìdí obì. Mo ń tẹ kámẹ́rà, mo ń rẹ́rìn-ín. Mo ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, mo gbé kámẹ́rà sókè bí ẹyin. Nígbà tí wọ́n fi pè mí pé kí n wá jẹ iṣu, mo ti tẹ̀ ẹ́ títí ó fi kọ̀. Mo rọra dá a padà sínú báàgì, ó parí lójú tèmi.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ilé-ìwé wa pe ìyá mi pé kó wá ya àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà tó ń jáde lọ. Wọ́n ti tò wọ́n síwájú aṣọ funfun, ẹsẹ̀ gbogbo wọn ń dán. Ìyá mi gbé kámẹ́rà sójú, ó tẹ̀ ẹ́. Kámẹ́rà kọ̀. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Mẹ́mórì ti kún? Kí ló kún un?"

Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé sún mọ́ ọn, àwọn méjèèjì tẹjú mọ́ ẹ̀yìn kámẹ́rà. Ìrù. Ewé. Àtàǹpàkò mi. Ìrù mìíràn. Ìdí ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń sá lọ.

"Ìyá Bùsọ́lá," ni ọ̀gá àgbà wí, "ṣé èèyàn ló ya èyí ni, àbí ọ̀kẹ́rẹ́ ló ya ara rẹ̀?"

Gbogbo ọmọ bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀gá àgbà wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní bí kò bá ní tètè ṣeé ṣe, àwọn á pe oníkámẹ́rà mìíràn. Mo rí ìyá mi tó kúnlẹ̀ tó ń bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo wa. Ẹ̀rín kú lẹ́nu mi. Ó dúró lójú oòrùn, ó ń pa àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ mi rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó tó wá ya àwọn ọmọ náà.

A jọ gun ọ̀kadà lọ sílé. A wọlé, ó jókòó.

"Uṣẹ́ mi lo fẹ́ bà jẹ́ yẹn, Bùsọ́lá."

"Ẹ má bínú, mà." Mo ti ń sunkún.

"Kò wá sí èyí tó dáa níbẹ̀! Ìdí nìkan lo ń yà!" Ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹni tó ń lé ọ̀kẹ́rẹ́, kí ló fẹ́ rí bí kò ṣe ìdí?" A rẹ́rìn-ín títí a fi nà gbalaja sílẹ̀.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, òun fúnra rẹ̀ ló mú mi padà sí Orin. A lúgọ sábẹ́ kòkó.

"Má lé e mọ́. Wo ibi tó ti máa ń fò, kí o dúró dè é níbẹ̀." Ó yí nǹkan lórí kámẹ́rà kí ojú rẹ̀ lè máa ṣẹ́ kíákíá, ó ní bí ojú rẹ̀ bá ń falẹ̀, bàìbàì ni ohun tó ń sáré yóò máa rí.

Èèrà jẹ wá, a ò mira. Ọ̀kẹ́rẹ́ kan sáré wá sórí ọ̀pẹ, ó wò wá, ó fò. Mo tẹ̀ ẹ́, mi ò sì jáwọ́.

"Mo ti yà á!" Mo fò sókè, ìyá mi náà fò sókè, à ń pariwo. Bàbá àgbà sáré dé tòun ti àdá. "Ejò dà?"

Nígbà tí a gbé fọ́tò náà sórí kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù ìyá mi, ó ṣókùnkùn, ọ̀kẹ́rẹ́ kò ju ẹ̀pà lọ ní igun kan. Ojú mi wálẹ̀. Ìyá mi ní kí n ní sùúrù. Ó gé etí fọ́tò náà kúrò, ọ̀kẹ́rẹ́ sún mọ́ wa. Ó fi ìmọ́lẹ̀ kún un díẹ̀díẹ̀, ni irùngbọ̀n rẹ̀ bá yọ, ikùn rẹ̀ funfun, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nà nínú afẹ́fẹ́. Orí mi wú! Mo ní kó pa ewé tó dí ìrù rẹ̀ rẹ́, kó fa ìrù náà gùn, kó fi ọ̀kẹ́rẹ́ kejì sí i.

"Ṣé kí n dé e ní fìlà náà ni?" Ó sì dé e ní fìlà lóòótọ́, fìlà pupa. A fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó ṣí fìlà náà kúrò. "Mú un mọ́lẹ̀, mú un sún mọ́ni. Ṣùgbọ́n ewé yẹn wà níbẹ̀, a jọ rí i. Fi í sílẹ̀."

Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún báyìí. Ìkọ̀lé ni mò ń gbé, ẹyẹ ni mò ń yà. Kámẹ́rà mi ń ya ogún fọ́tò kí èèyàn tó ṣẹ́jú, mo sì mọ bí a ṣe ń tún wọn ṣe ju bí ìyá mi ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Lóṣù tó kọjá, ọ̀wọ́ lékèélékèé gbéra lẹ́yìn àwọn màlúù, gbogbo pápá funfun lẹ́ẹ̀kan náà. Mo yà wọ́n, mo wo ìmọ́lẹ̀, mo wo etí fọ́tò, mo wo ìyẹ́ bóyá ó mọ́ dáadáa. Mo ti délé, mo ti fọ ẹsẹ̀, kó tó wá yé mi pé inú mi dùn. Kò sí ohun tí ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ń lé ọ̀kẹ́rẹ́ yẹn mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí tí mi ò mọ̀ jù ú lọ, àyàfi èyí: lójú ẹsẹ̀ ni inú tirẹ̀ máa ń dùn.