Alùpùpù Àlàgbé Tí Ó Mu Àdí

Ní ọdún keje tí Dahomey gba òmìnira, ọkùnrin kan wà ní Massè tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Àlàgbé Ṣàngóbíyì. Ẹni ọdún méjìlélógójì ni, adẹ́mu ni, ìyàwó rẹ̀ sì ti kú láti ọdún mẹ́rin. Kò kàwé, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀pẹ kan ní agbègbè Massè tí kò mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ohun tí mo kọ sí ìsàlẹ̀ yìí, ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, mo sì tún bi àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú wọn, kí n má baà ṣi ibì kankan kọ.

Àlàgbé fẹ́ láti gbé Ìyábùnmi níyàwó. Opó ni Ìyábùnmi, ó ń yan gàrí ní Kpoulou, ó sì máa ń wá ra ẹ̀gẹ́ ní Massè. Ìdí ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ti mọ ara wọn. Obìnrin náà kò kọ̀. Ẹni tí kò tíì gbà ni bàbá rẹ̀, Bàbá Abọ́dúndé, àgbàlagbà tí ó ń tọ́jú Èṣù ẹnu ọ̀nà agbo ilé wọn.

Bàbá Abọ́dúndé kò béèrè owó, kò sì béèrè aṣọ. Ẹmu ni ó béèrè. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń fi ọmọ fọ́kọ, ẹmu kíkan ni àwọn àna òun ń gbé wá, òun sì ti darúgbó. Ẹni tí ẹmu rẹ̀ bá dé Kpoulou ní dídùn ni yóò fẹ́ Ìyábùnmi. Ó fún Àlàgbé ní àyè títí ọyẹ́ yóò fi parí.

Ó yẹ kí a ṣàlàyé pé ẹmu tí a sọ̀ kalẹ̀ láti orí ọ̀pẹ ní ìdájí máa ń dùn, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti dé àárín ọ̀run, ó ti kan. Láti Massè dé Kpoulou, fún ẹni tí ó ru agbè tí ó sì ń fi ẹsẹ̀ rìn, oòrùn ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ dé.

Nígbà àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ ni Àlàgbé fi rìn. Ìyábùnmi pàdé rẹ̀ ní ẹ̀bá ìlú, ó kí i kú iṣẹ́, ó sì bá a rìn wọlé, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan agbè náà. Èyí kì í ṣe àìláàánú. Ní Kpoulou, obìnrin kì í ru ẹrù ọkùnrin wọ ìlú àfi bí ọkùnrin náà bá jẹ́ bàbá rẹ̀, tàbí arákùnrin rẹ̀, tàbí ọkọ rẹ̀. Bí ó bá rù ú, kò sí ẹni tí yóò tún béèrè mọ́ bóyá ìyàwó rẹ̀ ni.

Bàbá Abọ́dúndé tọ́ ẹmu náà wò, ó sì gbé igbá sílẹ̀.

“Àlàgbé.”

“Bàbá.”

“Ìgbà wo ni o sọ èyí kalẹ̀?”

“Ìdájí òní ni, Bàbá.”

“Òní yìí?”

“Òní yìí ni, Bàbá.”

“Ó ti dàgbà ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ.”

Nígbà tí Àlàgbé ń padà sí Massè ni ó rántí alùpùpù Bàbá Rogatien. Olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn ni Bàbá Rogatien ní ìjọ Kátólíìkì ní Adja-Ouèrè kí ó tó fẹ̀yìn tì. Òyìnbó àlùfáà kan ni ó fi alùpùpù náà sílẹ̀ fún un nígbà tí ó ń padà sí ìlú rẹ̀. Alùpùpù àtijọ́ ni, dúdú, tí ó ní iná roboto kan níwájú àti àga awọ tí a fi irin wáyà gbé dúró. Nígbà tí Àlàgbé débẹ̀, inú ilé ewúrẹ́ ni ó wà. Ìpẹta ti bo irin rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì ti rọ̀ sílẹ̀.

“Ṣé ó ń ṣiṣẹ́, Bàbá Rogatien?”

“Ó ti ṣiṣẹ́ rí.”

“Nígbà wo?”

“Kí a tó gba òmìnira.”

“Kí ló wá ṣe é?”

“Òun náà gba òmìnira.”

Wọ́n fẹnu kò sí abo ẹlẹ́dẹ̀ kan àti bíbo òrùlé ilé ìdáná Bàbá Rogatien. Àlàgbé fi ọjọ́ mẹ́ta bo òrùlé náà, ó sì wá mú ẹrù rẹ̀. Bàbá Rogatien ní kò tíì ṣeé mú. Adìyẹ kan ń sàba lórí ẹyin mẹ́sàn-án láàárín ẹ̀rọ náà àti ògiri, a kì í sì í lé adìyẹ kúrò lórí ẹyin nítorí irin.

Àlàgbé kò jiyàn. Ó ń gbé àgbàdo wá fún adìyẹ náà ní ọjọọjọ́ ọjà, ó ń wò ó, ó sì ń padà sílé. Ní ọjọ́ tí ó wá gbọ́ pé àwọn ológun ti gba ìjọba ní Kútọnu, ẹnu ọ̀nà Bàbá Rogatien ni ó wà.

“Wọ́n ti yí ìjọba padà,” ni Bàbá Rogatien wí.

“Adìyẹ ńkọ́?”

“Ó pa mẹ́jọ.”

“A dúpẹ́,” ni Àlàgbé wí, ó sì ti alùpùpù náà jáde.

Ó tì í dé Pobè, lọ́dọ̀ Marcellin tí ó ń tún mótò ṣe. Ọjọ́ méjì ni Marcellin fi ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ó lẹ ihò mẹ́fà lára rọ́bà ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó yọ bùjí, èyí tí ó máa ń ta iná sínú ẹ̀rọ, ó sì fi sáńpépà ha á títí ó fi funfun. Ó yọ alángbá gbígbẹ kan kúrò nínú ọ̀nà èéfín. Àlàgbé lóṣòó tì í, ó ń wo gbogbo rẹ̀ bí ó ti máa ń wo igbà rẹ̀ kí ó tó gun ọ̀pẹ.

“Ẹ gbọ́, Bàbá,” ni Marcellin wí nígbà tí ó parí. “Ẹ́sáǹsì tí a ń rà fún mótò nìkan kọ́ ni èyí ń mu. A gbọ́dọ̀ po òróró mọ́ ọn. Òróró tirẹ̀ ti tán lọ́wọ́ mi. Àjàṣẹ́ ni ó ti ń wá, láti ìgbà tí ìjọba sì ti yí padà, ẹni tí ń gbé e wá kò wá mọ́.”

“Kí ni ó ń fi òróró ọ̀hún ṣe?”

“Ó ń fi pa inú ara, kí irin má baà jẹ irin.”

Àlàgbé ronú lórí èyí. Òróró tí a fi ń pa ara ọmọ tuntun, tí a fi ń pa irun, tí a fi ń pa awọ gbígbẹ, àdí ni. Ekùrọ́ ni a fi ń ṣe é, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ sì ń ṣe é lẹ́yìn ilé. Ó ti alùpùpù náà padà sí Massè, ó gba ìgò àdí kan lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ó pò ó mọ́ ẹ́sáǹsì bí Marcellin ti júwe, ó sì fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ náà. Ó wúkọ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ní ìgbà kẹta, èéfín funfun bo gbogbo àgbàlá, òórùn rẹ̀ sì dà bí ilé ìdáná tí ekùrọ́ ti jóná sí. Ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́.

Àdí ni èèwọ̀ Èṣù. Kò sí ọmọdé tí kò mọ èyí, Àlàgbé náà sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ilé oníṣàngó ni wọ́n bí i sí, wọn kò sì kà á léèwọ̀ níbẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí ohun tí a kì í dà sílẹ̀ níwájú Èṣù. Kò rò ó gẹ́gẹ́ bí ohun tí a kì í gùn kọjá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó so agbè mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù, ó sì dé Kpoulou nígbà tí ìrì wà lórí ewé. Ẹmu náà dùn. Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà Bàbá Abọ́dúndé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yangí tí í ṣe ojúbọ Èṣù, èéfín náà sì rọra bo ojúbọ náà mọ́lẹ̀. Bàbá Abọ́dúndé jáde, ó dúró, ó sì gbóòórùn.

“Kí ni nǹkan yìí ń jẹ?”

“Ẹ́sáǹsì ni, Bàbá.”

“Kí ni ó fi jẹ ẹ́?”

Àlàgbé pa ẹ̀rọ náà. Ó wo yangí, ó wo èéfín, ó sì dọ̀bálẹ̀.

“Àdí ni, Bàbá.”

Ẹnikẹ́ni kò mu ẹmu náà. Ibi tí ó wà ni ó kan sí. Àlàgbé mú àkùkọ àti epo pupa wá láti fi tu Èṣù lójú, wọ́n sì parí rẹ̀ láìsí ariwo. Lẹ́yìn náà ni Bàbá Abọ́dúndé sọ̀rọ̀.

“Bí ó bá jẹ́ dandan kí ẹrù rẹ yìí mu òróró kí ó tó rìn, fún un ní epo pupa. Èyí ni Èṣù ń jẹ.”

“Bàbá, ìgbà wo ni ẹ kọ́ iṣẹ́ mótò?” ni Ìyábùnmi béèrè.

“Ó ti pé ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń fún ẹni tí ó jókòó síta yìí ní epo. Kò tíì dáṣẹ́ sílẹ̀ fún mi rí.”

Ọjọ́ ọjà kan ṣoṣo ni ó kù kí àyè tí Bàbá Abọ́dúndé fún Àlàgbé tó tán.

Ní ìdájí ọjọ́ náà, ọyẹ́ mú gan-an. Àlàgbé yọ́ epo pupa lórí iná, ó fi aṣọ sẹ́ ẹ, ó sì pò ó mọ́ ẹ́sáǹsì. Alùpùpù náà gbéra dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ ti ń fẹ́ sí i, epo náà ń dì. Nígbà tí ó dé ìdí ọparun, tí ó kù díẹ̀ kí ó dé Kpoulou, ẹ̀rọ náà dákẹ́. Ó tú ọ̀nà ẹ́sáǹsì, ó rí i pé epo ti dì síbẹ̀ bí òrí. Ó fẹnu fẹ́ ẹ. Epo náà jáde díẹ̀, ojú rẹ̀ ni ó sì dà sí.

Ìyábùnmi ń yan gàrí nígbà tí ó gbọ́ ìró alùpùpù náà lókèèrè. Ó tún gbọ́ nígbà tí ìró náà dáwọ́ dúró. Ó dúró díẹ̀, kò gbọ́ nǹkan mìíràn. Ó sọ ìkòkò kalẹ̀, ó sì mú ọ̀nà pọ̀n. Nígbà tí ó dé ìdí ọparun, Àlàgbé ń kó ewé gbígbẹ jọ sábẹ́ ẹ̀rọ.

“Kí ni ẹ fẹ́ dáná fún, Adẹ́mu?”

“Epo ni ó dì. Bí ooru bá kàn án, yóò yọ́.”

“Ẹ́sáǹsì tí ó wà lókè rẹ̀ ńkọ́?”

“Díẹ̀ ni.”

“Mo ti ṣe opó lẹ́ẹ̀kan. Kò dùn tó bẹ́ẹ̀ tí n óò fi tún un ṣe kí n tó lọ́kọ.”

Àlàgbé fi ewé sílẹ̀. Ìyábùnmi wo oòrùn, ó wo agbè, ó tú gèlè rẹ̀, ó sì ká a ní òṣùká sórí.

“Ìyábùnmi, o mọ ohun tí wọn yóò sọ.”

“Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ gbé e rù mí.”

Ó gbé e rù ú. Obìnrin náà yára rìn, Àlàgbé sì ń ti alùpùpù bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè bá a. Ọjọ́ ọjà ni, gbogbo ènìyàn wà ní ojú ọ̀nà. Àwọn obìnrin tí ó wà ní etí kànga yíjú sí i.

“Ẹrù ta nìyẹn, Ìyábùnmi?” ni ọ̀kan nínú wọn béèrè.

“Ti Àlàgbé ni,” ni ó wí, kò sì dẹsẹ̀ dúró.

Bàbá Abọ́dúndé bu ẹmu náà, ó gbé e pamọ́ sẹ́nu fún ìgbà díẹ̀, ó sì gbé e mì.

“Ó ti ń kan,” ni ó wí.

Ó yíjú sí Ìyábùnmi.

“Ta ni ó rù ú wọlé?”

“Èmi ni, Bàbá.”

“Láti ibo?”

“Láti ìdí ọparun.”

“Ta ni ó rí ọ?”

“Gbogbo Kpoulou ni, Bàbá.”

Arúgbó náà wo Èṣù tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó wo inú igbá, ó sì tún bu òmíràn.

“Ṣé kò wá kan mọ́ ni?” ni ọmọ rẹ̀ béèrè.

“Ó kan. Ṣùgbọ́n ti àna mi ni.”

Oòrùn ti ga nígbà tí Àlàgbé dé. Ó ń ti alùpùpù rẹ̀, epo pupa wà ní iwájú orí rẹ̀ àti ní irùngbọ̀n rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀.

“Àlàgbé, o pẹ́,” ni Bàbá Abọ́dúndé wí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“Ẹmu rẹ ti dé ṣáájú rẹ. Ìyàwó rẹ náà ti dé.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni òróró dé ọ̀dọ̀ Marcellin láti Àjàṣẹ́, láti ìgbà náà sì ni alùpùpù yìí ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Síbẹ̀, nígbàkúùgbà tí Àlàgbé àti ìyàwó rẹ̀ bá ń gbé ẹmu lọ sí Kpoulou, ìdí ọparun ni ó ti máa ń pa ẹ̀rọ náà, tí yóò sì máa tì í lọ. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀, nítorí pé òróró tuntun náà kò ní àdí nínú. Ó dá mi lóhùn pé Èṣù ti mọ ohùn mótò náà, ẹnikẹ́ni kò sì tíì lọ ṣàlàyé fún un pé oúnjẹ rẹ̀ ti yí padà. Ìyábùnmi a máa lọ níwájú, òun ni ó ń ru agbè.