Àwòrán Tí Ẹlòmíì Ya Ẹ̀gbọ́n Mi

Ní gbogbo Williamsville, àdúgbò wa, kò sẹ́ni tó mọ pátákó kùn tó mi. Gbogbo orí tí ẹ bá rí lára ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ láti ilé wa dé ọjà Adjamé, èmi ni mo yà á. Cinquième, ọdún kejì ní sẹ́kọ́ńdìrì, ni mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀, ọwọ́ mi ti mọ̀ ju tíṣà lọ. Ẹni tó bá fẹ́ àwòrán nílé wa, ọ̀dọ̀ mi ló yẹ kó wá.

Àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ jókòó kí ẹlòmíì yà á ní àdúgbò Marcory. Ọmọkùnrin ará ilẹ̀ Benin kan ni, ọmọ tíṣà, ó wọ gíláàsì, ó lọ ilé-ìwé àwọn ayàwòrán. Òun àti dókítà obìnrin kan ni wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ kan. Tí jẹjẹrẹ ọyàn bá ti pa èèyàn nílé yín, dókítà á gba ẹ̀jẹ̀ rẹ, á fi ránṣẹ́ sí France, kí wọ́n wò ó bóyá o jogún ohun tó ń fà á. Ọmọ yẹn á sì yà ẹ́.

Jẹjẹrẹ yẹn ló pa ìyá wa. Òun náà ló pa ìyá tó bí ìyá wa, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi bí ẹ̀gbọ́n mi. Ni wọ́n bá ní ìyá àgbà ló padà wá. Ìyá wa fúnra rẹ̀ máa ń kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, "Ìyá mi, ẹ káàárọ̀," a ó sì máa rẹ́rìn-ín. Ojú kan náà, ìrìn kan náà. Kò sẹ́ni tó bèèrè pé kí ló tún bá a padà wá.

Gbogbo Sátidé ni ẹ̀gbọ́n mi ń lọ Marcory.

"Ọmọ yẹn ní irú ojú mi ò wọ́pọ̀," ó sọ fún mi.

"Irọ́ ló ń pa. Ṣé ẹ sọ fún un pé èmi náà ń yàwòrán?"

"Mo ní àbúrò mi ń kun pátákó."

Kun pátákó! Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ yẹn. Mo ra ọ̀dà, mo ya àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sára ògiri àgbàlá wa: ìyá àgbà, ìyá wa, ẹ̀gbọ́n mi. A ò ní fọ́tò ìyá àgbà, ni mo bá fi ojú ẹ̀gbọ́n mi yà á. Mo dúró kí ẹ̀gbọ́n mi wá yìn mí.

Ó wò ó títí. "O ti kó mi mọ́ àwọn òkú," ló sọ. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni èsì ẹ̀jẹ̀ tí dókítà gbà lára rẹ̀ máa dé. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kun ògiri yẹn ní funfun.

Lọ́jọ́ èsì, mo tẹ̀ lé e tipátipá. Aṣọ ńlá kan ló wà lára ògiri ọmọ yẹn, ìdílé wa ló yà sí i. Òbìrìkìtì ni obìnrin, onígun mẹ́rin ni ọkùnrin, àwọn tí jẹjẹrẹ pa dúdú. Tẹ̀gbọ́n mi funfun. Àwòrán náà dáa, ìyẹn sì ń dùn mí.

"Èmi ńkọ́?"

"Ìwọ rèé, mon frère," ni ọmọ yẹn wí, bí ẹni pé arákùnrin rẹ̀ ni mí. Onígun mẹ́rin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹ̀gbọ́n mi gan-an. "Ọkùnrin pàápàá lè gbé ohun tó ń fà á, kó fún ọmọ rẹ̀."

Ta ló ní kó yà mí?

Dókítà ka èsì. Ohun náà wà lára ẹ̀gbọ́n mi. Kò tíì ṣàìsàn, àmọ́ wọ́n á máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ yẹn gbé búrọ́ọ̀ṣì láti fi àmì sí òbìrìkìtì náà. Ẹ̀gbọ́n mi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó nà án sí mi.

"Ìwọ ni kó o fi sí i. Má kùn ún tán o."

Mo kán ọ̀dà dúdú díẹ̀ sáàárín rẹ̀. Inú mi dùn pé kì í ṣe ọmọ yẹn ló fi sí i, ojú ara mi sì tì mí.

Onígun mẹ́rin tèmi ṣì funfun. Òní ni wọ́n máa gba ẹ̀jẹ̀ mi. Ẹ̀gbọ́n mi ti wà nínú táksí, ó ń pariwo orúkọ mi. Mo gbọ́dọ̀ lọ báyìí.