Bàbá Kanlẹ̀kùn, Ẹni Tó Ń Kọ Dírẹ́bà

Ọjọ́ tí ọ̀gá àgbà kó àlejò mẹ́rin wá wo iṣẹ́ ni gbogbo ilé iṣẹ́ ṣì ń sọ títí dòní. Ọ̀gá ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, ó wọlé bí ẹni tó wọ yàrá ara rẹ̀. Bàbá arúgbó tó jókòó nídìí kọ̀ǹpútà kò gbójú sókè.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ẹ jáde, kí ẹ kanlẹ̀kùn."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó wojú àwọn àlejò. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá bá jáde, ó kan ilẹ̀kùn: kó, kó, kó. Kẹ́kẹ́ pa. Ó tún kàn án.

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò dáhùn?"

"Ẹ ò tíì sọ ẹni tí ẹ fẹ́ rí. Àwa méjì la wà níbí."

Ìyá Ìbejì, obìnrin tó máa ń jó wáyà mọ́ra nínú yàrá kan náà, ni ẹnì kejì. Ó fi eyín di ètè, ẹ̀rín fẹ́ pa á, irin gbígbóná tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jó o níka.

"Ẹ̀yin ni mo fẹ́ rí, Bàbá," ni ọ̀gá wí láti ìta, pẹ̀lú ohùn ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́.

"Ẹ wọlé. Àtàárọ̀ ni mo ti ń retí yín."

Bí orúkọ Bàbá Kanlẹ̀kùn ṣe lẹ̀ mọ́ ọn nìyẹn. Kì í sì í ṣe ìgbéraga. Iṣẹ́ ló ti wọ̀ ọ́ lára. Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ fíríjì òògùn nílé ìwòsàn ni wọ́n ń ṣe. Nínú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, àwọn nǹkan kéékèèké wà: èyí mọ bí ibì kan ṣe gbóná tó, èyí ń ka àkókò, èyí ń tan nọ́ńbà síta. Orí wáyà méjì péré ni gbogbo wọn so rọ̀ sí, bí aṣọ tí wọ́n sá. Kálukú ló ní nọ́ńbà tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà á pe nọ́ńbà, ẹni tó ni ín á ní òun wà níbí, àwọn tó kù á panu mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹni méjì bá ń pè wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ á di ariwo ọjà. Nítorí náà, ètò kan wà nínú ọkàn kọ̀ǹpútà tó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn láìgba ọwọ́ rẹ̀. Dírẹ́bà ni wọ́n ń pè é, Bàbá sì ti ń kọ dírẹ́bà láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú.

Orúkọ yìí ló dá wàhálà sílẹ̀ láàárín òun àti ìyá onílé rẹ̀. Ìyá náà sáré wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, báàgì lápá, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́. Ọmọ rẹ̀ ń rọbí nílé ìwòsàn, mọ́tò àna rẹ̀ wà níta, kò sẹ́ni tó máa wà á.

"Gba kọ́kọ́rọ́, ká máa lọ!"

"Ìyá, n ò mọ mọ́tò wà."

"Ọdún kẹsàn-án rèé tí o ti ń sọ fún mi pé iṣẹ́ dírẹ́bà lò ń ṣe!"

"Mo ní mò ń kọ ọ́ ni, Ìyá. N ò ní mò ń wà á."

Bàbá gbé báàgì náà rù, wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn ín. Láti ilé dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, ó ń ṣàlàyé wáyà méjì fún ìyá onílé. Nígbà tí wọ́n fi máa dé, wọ́n ti bímọ, wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, ó ti sùn. Ìyá onílé jókòó ti ọmọ rẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Má bínú pé mo pẹ́," ló wí. "Ṣùgbọ́n bí wáyà bá dà ọ́ láàmú láyé yìí, èmi ni kí o pè."

Ìjà kan ṣoṣo tí Ìyá Ìbejì rí i kó bá ẹnikẹ́ni jà ni ti Aláṣeyá, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ ètò ní yàrá ìsàlẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló pe fóònù. "Ẹ̀rọ yín ní fíríjì wa ń hó bí omi orí iná. Ṣé ká da òògùn àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ yìí nù ni?"

"Ẹ fọwọ́ kan ara ìgò," ni Bàbá wí.

"Ó tutù."

"Ẹ má da nǹkan kan nù. Ẹnì kan ló gba ojú fèrèsé wọlé."

Aláṣeyá ni. Ó ní gbígba ọ̀dọ̀ dírẹ́bà ń fi àkókò òun ṣòfò, ló bá kọ ètò tó ń lọ gbá wáyà méjì náà mú fúnra rẹ̀. Òun àti dírẹ́bà wá ń pè lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n bi ooru léèrè, agogo ló dáhùn.

"Mo fẹ́ kó yá ni, Bàbá."

"Ó yá. Ó yá débi pé yìnyín ń hó."

Lẹ́yìn èyí, Bàbá jókòó tì í fún ọjọ́ mẹ́ta, ó kọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń ṣílẹ̀kùn, bí wọ́n ṣe ń béèrè, bí wọ́n ṣe ń dúró de èsì, bí wọ́n ṣe ń ti ilẹ̀kùn padà. Kò sì fi ọ̀rọ̀ náà bú u títí ó fi kú.

Ìgbà kan ara Bàbá ò yá, Ìyá Ìbejì lọ kí i nílé. Wáyà méjì ló rí lára ògiri, wọ́n gba inú gbogbo yàrá kọjá. Bàbá jókòó nídìí kọ̀ǹpútà, ó ń pe nọ́ńbà. Ilé ìdáná dáhùn. Pálọ̀ dáhùn.

"Àwọn ìbejì ò jẹ́ kí ilé tèmi dákẹ́ rí," ni Ìyá Ìbejì wí.

"Tèmi náà kì í dákẹ́. Mò ń bi í, ó ń dá mi lóhùn."

Ó tún pe nọ́ńbà kan. Kò sí èsì. Ó pè é lẹ́ẹ̀kejì. Kọ̀ǹpútà kọ ọ́ gàdàgbà: kò sẹ́ni tó dáhùn.

"Ta lẹ̀ ń pè yẹn, Bàbá?"

"Bọ́tìnnì tí mo ṣe fún ìyàwó mi nígbà àìsàn. Bó bá tẹ̀ ẹ́, màá gbọ́ níbikíbi tí mo bá wà nínú ilé. Ó dì í mú nígbà tó ń lọ. N ò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bá a wọlẹ̀."

Ìyá Ìbejì fa àga sún mọ́ ọn. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ sọ pé dírẹ́bà tó dáa kì í dúró títí. Bí wọn ò bá dáhùn, kó sọ bẹ́ẹ̀, kó máa bá iṣẹ́ lọ."

"Òótọ́ ni. Dírẹ́bà mi dáa," ni Bàbá wí. "Èmi ni n ò dáa."

Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ìyá Ìbejì ò mọ ibi tó máa kọjú sí.

Ọ̀sán Ọjọ́rú kan ló kú, lórí àga, gíláàsì ṣì wà lójú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ti òkè òkun dé, ó sin ín, ó padà. Nílé iṣẹ́, wọ́n pa ìtàn rẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Lẹ́yìn náà kálukú gba yàrá rẹ̀ lọ, Ìyá Ìbejì sì padà sínú yàrá tí àga méjì wà tí ẹnì kan ṣoṣo ń jókòó. Ìgbà mìíràn á sọ̀rọ̀ kan tán kó tó rántí pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọ̀gá ní kí Ìyá Ìbejì tẹ iṣẹ́ Bàbá sórí ìwé fún Aláṣeyá, nítorí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ni wọ́n fẹ́ fi í lé lọ́wọ́. Bí ìwé ṣe ń jáde, ojú rẹ̀ ṣèèṣì bọ́ sórí àwọn ọ̀rọ̀ tí Bàbá kọ sáàárín iṣẹ́, kì í ṣe fún kọ̀ǹpútà, fún èèyàn ni. "Ẹ má fọwọ́ kan ibí yìí. Ọdún kan ni mo fi mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin ò sì ní sùúrù." Ní ìsàlẹ̀: "Ìyá Ìbejì ló jó wáyà yìí. Bí nǹkan bá bàjẹ́, ẹ kọ́kọ́ yẹ iṣẹ́ ara yín wò." Ó bú sẹ́rìn-ín, ó yíjú láti fi han ẹnì kan. Ó dojú kọ àga lásán.

Nísàlẹ̀ ojú ìwé tó gùn jù lọ ló ti rí èyí: "Ìwọ tó kà á débí, ó ti rẹ̀ ọ́, o ò sì tíì jẹun. Dìde, iṣẹ́ ò ní sá lọ. Má sì dá nìkan jẹun. Mo ti dán an wò, kò dùn."

Ó nu ojú, ó mú báàgì rẹ̀ àti ìwé náà dání, ó gba yàrá ìsàlẹ̀ lọ. Aláṣeyá nìkan ló wà níbẹ̀, ó tẹrí mọ́ iṣẹ́.

"Dìde, ká lọ jẹun."

"Ẹ jẹ́ kí n parí ibí yìí, Àǹtí. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré."

"Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́," ni Ìyá Ìbejì wí, ó sì na ìwé sí i.

Aláṣeyá kà á. Ó tún un kà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ló bá pa kọ̀ǹpútà, ó dìde, ó gba báàgì lọ́wọ́ Ìyá Ìbejì, wọ́n sì jọ jáde.