Apá Kejì Géèmù Tí Kò Fẹ́ Kí N Kí Àgbà

Mo fẹ́ràn géèmù kan tí wọ́n ti ń yọ́ kẹ́lẹ́ wọ ilé ọ̀tá, nítorí èmi náà kì í fẹ́ kí wọ́n rí mi. Apá kejì rẹ̀ ti dé ṣọ́ọ̀bù géèmù àdúgbò wa l'Ájégúnlẹ̀. Àwòrán rẹ̀ dán, àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ sì gbọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ohun kan ló kù díẹ̀ káàtó: tí ìka bá ti kúrò lórí bọ́tìnì páàdì tí a fi ń ṣeré báyìí, ẹni tó lóṣòó sá pamọ́ fún ẹ̀ṣọ́ nínú géèmù á dìde gbọnrangandan.

Lọ́jọ́ kan, mo dé ẹnu ilẹ̀kùn ìkẹyìn, ibi tí ẹnikẹ́ni kò tíì dé rí ní ṣọ́ọ̀bù náà. Bí ìyá oníṣọ́ọ̀bù ṣe wọlé nìyẹn. Mo gbé páàdì sílẹ̀, mo kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán, mà."

Ẹ̀ṣọ́ yìnbọn.

"Sista, you don die! Gbé páàdì wá!" ni àwọn gende tó ń dúró de ipò mi pariwo.

Ìtìjú mi fò lọ. "Ṣé àgbà kì í wọlé bá àwọn tó ṣe géèmù yìí ni?"

"Ẹ fún un padà jàre," ni Màmá wí. "Ṣé kó má kí mi ni?"

Wọ́n fún mi lóòótọ́, àmọ́ géèmù náà kò gbọ́ ti Màmá. Ẹnu ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ ló dá mi padà sí.