Àdúrà Alùpùpù Mùíbàt

Kò sí abúlé oníkòkó kan yíká Ìdànrè tí Mùíbàt kò gun ọ̀kadà dé rí. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ló ti ń gun ti olóògbé náà kiri ra kòkó, òjò ìbáà rọ̀, ẹrẹ̀ ìbáà kún ojú ọ̀nà. Nítorí náà, nígbà tó ra alùpùpù ràgàjì yìí, onígíláàsì níwájú, alápótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń kùn bíi ti ọkọ̀ akẹ́rù, òun fúnra rẹ̀ ló gùn ún láti Èkó wọ Odode, ìlú rẹ̀ ní Ìdànrè. Ó fẹ́ máa fi rìnrìn àjò títí dé Ìlọrin, níbi tí Haneefah ọmọ rẹ̀ wà, láìdúró de awakọ̀ kankan.

Kí ni ará àdúgbò kọ́kọ́ bi í? "Ta lo bá gbé e wá?" Ó ní tòun ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín bí ẹni gbọ́ àwàdà. Inú bí i, ṣùgbọ́n ó pa á mọ́ra, torí Ààfáà àgbà ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ láti wá ṣàdúrà sí i, bí wọ́n ti ń ṣe sí ọkọ̀ tuntun. Bí Ààfáà bá ti fi orúkọ rẹ̀ ṣàdúrà ní gbangba, ẹnu gbogbo wọn á wọhò.

Ó tètè jí din mósà sàráà. Ààfáà dé, èrò pé. Búrẹ́mọ̀ àbúrò rẹ̀, tí kò lè gun kẹ̀kẹ́ lásán, fẹ̀yìn ti alùpùpù náà. Àfi bí Ààfáà ṣe gbọ́wọ́ lé Búrẹ́mọ̀ lórí, tó ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kó fi ọkọ̀ rẹ̀ ṣèṣe. Gbogbo ilé ṣe àmín. Búrẹ́mọ̀ náà ṣe àmín, kò tijú. Ààfáà wá yíjú sí Mùíbàt.

"Ìwọ náà, Ọlọ́run á fún ọ ní ọkọ tí yóò máa gbé ọ kiri."

Mùíbàt kò ṣe àmín. Irú ìwọ̀sí wo nìyẹn? Ẹni tó gun alùpùpù láti Èkó, tí ìbàdí ṣì ń ro, ni wọ́n ń tọrọ ẹni tí yóò gbé e kiri fún.

Àdúrà parí, Ààfáà nawọ́ sí i fún sàráà. Mùíbàt gbé abọ́ mósà náà mọ́ àyà.

"Ẹ má bínú, Ààfáà. Ẹni tí wọ́n ṣàdúrà fún ló ń ṣe sàráà. Ẹ gbà á lọ́wọ́ Búrẹ́mọ̀."

Búrẹ́mọ̀ wo ọwọ́ ara rẹ̀, òfìfo ni. Ààfáà wo abọ́, ó wo Mùíbàt, ó wúkọ́.

"Ó dáa, a ó tún un ṣe. Ìyá Haneefah, kí lorúkọ rẹ gan-an?"

"Mùíbàt ni. Ẹ̀yin lẹ sọ mí lórúkọ náà, lọ́jọ́ kẹjọ tí wọ́n bí mi."